Mama Mai Burodi Kì í Dáhùn Ìkíni Ìdúró

Dọ̀kásì Àníkẹ́ Adégòkè ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Òun ló bí ìyá mi. Gbogbo àdúgbò Runjin Sambo ń pè é ní Mama Mai Burodi, ìyá oníbúrẹ́dì, nítorí iṣẹ́ búrẹ́dì ló bá wá sí Sókótó láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ṣe iṣẹ́ náà títí àwọn ọmọ tí wọ́n fi búrẹ́dì rẹ̀ já lẹ́nu ọmú fi di bàbá àgbà tó ń rán ọmọ-ọmọ wọn wá rà á.

Èmi náà ti darúgbó. Mo ti fẹ̀yìn tì, irun mi ti funfun, orúnkún mi ọ̀tún, èyí tó dára nínú méjèèjì, ti ń dùn mí bí ojú ọjọ́ bá yí padà. Kò pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ mi tí ìyá àgbà wọn ṣì wà láyé nígbà tí àwọn fúnra wọn ti fẹ̀yìn tì. Tèmi wà. Ó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó lọ, ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí, nígbà tí ooru Sókótó mú débi pé àwọn tó wá bá wa dárò kò lè jókòó pẹ́.

Nínú ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n kọ ọ́ sí i pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni, pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tèmi gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọmọ tó dàgbà jù. Mo kọ ọ́. Bọ̀dá Sámù, àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó jogún ilé búrẹ́dì, kà á tán, ó gé gbogbo rẹ̀ dànù, ó ṣẹ́ ìlà kan kù, èyí tó sọ pé ìyá àgbà mi kì í pa ìsìn jẹ. Mo béèrè ìdí. Ó wò mí bí ẹni tí àárẹ̀ ti mú, ó ní, "Mojí, òkú la fẹ́ sin, a kò pe ẹjọ́."

Mo jẹ́ kí wọ́n sin òkú wọn. Èyí tí mo ń kọ yìí ni tèmi.

Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú mi lẹ́sẹ̀ òsì kí n tó mọ ọ̀rọ̀ sọ já gaara. Ìyá mi gbé mi fún ìyá rẹ̀, ó bá ọkọ mìíràn lọ sí Jọ́ọ̀sì, kò padà wá mú mi. Àgbàlá ilé búrẹ́dì ni mo ti ń rákòrò. Fúláwà á bo ọwọ́ àti orúnkún mi, àwọn oníbàárà á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ku kí wọ́n gbé mi sínú ààrò. Nígbà tí mo tó ọmọ tí ń lọ sílé ìwé, wọ́n ro irin fún mi ní ilé ìwòsàn kan: ọ̀pá irin méjì láti itan dé bàtà, pẹ̀lú awọ tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ẹsẹ̀. Kò sí oríkèé kankan níbi orúnkún. Gbọnrangandan ló máa ń dúró. Ṣùgbọ́n ó gbé mi nílẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá rìn, mo gba ẹnu ọ̀nà yàrá dé ẹnu ààrò láìdi ẹnikẹ́ni mú. Àwọn tó tò fún búrẹ́dì yà fún mi. Mo dúró níwájú ìyá àgbà mi, òógùn ń bọ́ lójú mi, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà."

Ẹ mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin á kúnlẹ̀, àgbà á fi oríkì dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dá àwọn ọmọ ilé yòókù lóhùn lárààárọ̀: Àṣàkẹ́, Àdùkẹ́, Àjàní. Àmọ̀kẹ́ ni tèmi. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ yẹn, ó wò mí láti bàtà dé orí, ó tún wò mí láti orí dé bàtà. Ó ní, "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń kúnlẹ̀." Ó kọjú sí ààrò rẹ̀.

Màláàmù kan tó ń dúró de búrẹ́dì sọ pé, "Haba, Mama," ó ní ṣé kò rí ẹsẹ̀ ọmọ ni. Ìyá àgbà mi fi Hausa dá a lóhùn pé búrẹ́dì ló wá rà, kó gba búrẹ́dì. Mo ṣì dúró síbẹ̀, kì í ṣe nítorí agídí; irin náà ni kì í jẹ́ kí n tètè yíjú padà.

Ibẹ̀ ni ìjà wa ti bẹ̀rẹ̀. Lárààárọ̀ ni mo ń kí i ní ìdúró, lárààárọ̀ ni kì í dáhùn. Kò fi ebi pa mí. Ó rán mi lọ sílé ìwé ju gbogbo ọmọ tó bí lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń nu irin mi, tó ń fi òróró pa awọ rẹ̀ kó má baà gé mi lára. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ pè mí, á ní "Mojí", bí ẹni ń pe ọmọ aládùúgbò. Nígbà tí mo ti dàgbà díẹ̀, mo kó ara mi jọ, mo bi í léèrè ìdí tí kì í fi í pe oríkì mi. Kò gbé ojú kúrò lára ìyẹ̀fun tó ń pò. Ó ní, "Ilẹ̀ ni wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ mi. Sọ̀ kalẹ̀ wá gbà á."

N kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, apá rẹ̀ méjèèjì kún fún àpá iná, orí àpótí kékeré ló sì máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Kì í jókòó lórí àga, àní ní ilé onílé. Búrẹ́dì tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ààrò, kì í tà á, kì í sì í fi fún ọmọdé jẹ. Á pe ẹni tó po ìyẹ̀fun náà, á fa búrẹ́dì náà ya níwájú rẹ̀, á ti imú bọ inú rẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bó bá dára, kò ní sọ nǹkan kan. N kò gbọ́ kó yin ẹnikẹ́ni rí. Bí kò bá dára, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní, ó sì máa ń rọra béèrè rẹ̀ ni. Mo rí ọkùnrin onírùngbọ̀n tó jókòó sílẹ̀ tó sunkún nítorí ìbéèrè náà: "Ta lo ṣe èyí fún?"

Ní ti pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, gbogbo ìjọ wa ló mọ̀ pé irọ́ ni. Ní ọdún kan, oníwàásù kan wá láti gúúsù, wọ́n ní ó ń woni sàn. Ó rí mi níjókòó iwájú pẹ̀lú irin mi, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí wọ́n gbé mi wá. Wọ́n gbé mi lọ síwájú, ó tú awọ ẹsẹ̀ mi fúnra rẹ̀, ó ju irin náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó pàṣẹ pé kí n rìn. Ìjọ ń kọrin. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo sì fi ojú gbálẹ̀. Ó ní ìgbàgbọ́ mi ni kò tó, kí wọ́n tún gbé mi dìde.

Ìyá àgbà mi jáde láti àárín àwọn obìnrin. Kò sáré. Ó mú irin náà nílẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí dè é padà, awọ kan lẹ́yìn òmíràn. Orin kú. Oníwàásù dúró pẹ̀lú ọwọ́ tó nà sókè, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Nígbà tó dè é tán, ó gbé mi dúró, ó gbọn eruku ara aṣọ mi, ó wo ọkùnrin náà. Ó ní, "Ọmọ mi ti ń rìn kí o tó dé."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Ó sọ ọ́ fún àlejò níwájú gbogbo ìjọ, èmi tí mo rìn ni kò sọ ọ́ fún. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí i. Kò dáhùn.

Mo kàwé nípa ìtọ́jú oríkèé àti iṣan, mo kà á nílé, mo kà á lókè òkun, mo sì padà sí Sókótó nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń wá ọ̀nà àtisá kúrò níbẹ̀. Èrò mi ni pé kí a dá ibùdó kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣe ìwádìí ohun èlò fún àwọn tí apá tàbí ẹsẹ̀ wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa: irin ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, àga onítáyà. Èmi ni mo kọ àbá rẹ̀. Èmi ni mo wá ilé tí a fi bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò Arkilla, ilé tuntun tí onílé kò tíì kùn. Èmi ni mo lọ bá Làmídì, wẹ́dà ará Ìlọrin tó ń ṣe géètì ní Sama Road, tí mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti wá máa ṣe irin ẹsẹ̀. Èmi ni mo pín yàrá: ibi wíwọn ẹsẹ̀, ibi ike, ibi irin, àti yàrá gígùn tí a ó ti máa wo bí ènìyàn ṣe ń rìn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ "ibùdó àwọn arọ" sára géètì, èmi ni mo dúró níwájú ẹni tó gbé ọ̀dà wá pé àfi bó bá kọ ọ́ sára mi.

Àwọn tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí rò pé ẹ̀rọ ni iṣẹ́ náà. Ìdúródè ni. A ń dúró de iná. A ń dúró de ike tó há sí èbúté. A ń dúró de ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé, òun náà ń dúró de ẹni tó ga jù ú lọ. Òṣìṣẹ́ tí a kọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ iṣẹ́, ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ ọn ni wọ́n á gbé e lọ síbòmíràn. Ọmọ tí a wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ fún irin, kí irin tó jáde, ọmọ ti ga kọjá rẹ̀.

Nígbà tó tó àkókò láti yan olùdarí, ìgbìmọ̀ yan ọkùnrin kan tí kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ aláìsàn rí, wọ́n fi mí ṣe igbákejì rẹ̀. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ náà, ẹni tí mo pè ní ọ̀rẹ́, ló wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní iṣẹ́ olùdarí ní àtẹ̀gùn púpọ̀ nínú, pé àwọn ọ́fíìsì tí a ó ti máa bẹ̀bẹ̀ ní Àbújá, òkè pátápátá ni wọ́n wà. Ibùdó tí a dá sílẹ̀ nítorí àwọn tí ẹsẹ̀ ń dà láàmú, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi dù mí ní ipò níbẹ̀. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Runjin Sambo lọ́jọ́ yẹn, mo rò ó fún ìyá àgbà mi, mo sì sunkún níwájú rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Lẹ́yìn náà ló béèrè bí àwọn àtẹ̀gùn náà ṣe pọ̀ tó. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "O kò gùn ún wò, o sì ti gbà fún wọn?"

Mo padà gùn ún o, léraléra, nítorí pé olùdarí wa kì í mọ ohun tí yóò sọ bó bá dé òkè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá ṣí ibùdó ní gbangba, lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti ń lọ níbẹ̀, a pe ìyá àgbà mi gẹ́gẹ́ bí àgbà àdúgbò. Ó gbé búrẹ́dì wá, ó sì gbé àpótí rẹ̀ wá láti ilé. Wọ́n gbé àga oníkúṣìnnì fún un, ó gbé àpò rẹ̀ lé e. Wọ́n ń fi irin ẹsẹ̀ tuntun wa han àwọn àlejò pàtàkì: ike funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò wúwo, ó ní oríkèé níbi orúnkún, ó ń ká tí ènìyàn bá fẹ́ jókòó lórí àga, kò sì lè kọjá ibẹ̀. Wọ́n gbé e yí ká títí ó fi dé ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé e lé itan, ó ká a wò, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń tẹ búrẹ́dì. Gbogbo wọn ń retí àdúrà. Ó gbójú sókè, èmi ló sì wò, kì í ṣe olùdarí. Ó ní, "Ó dára. Ṣé ó ń kúnlẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olùdarí rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Ẹnì kan tí kò rẹ́rìn-ín ni Màláàmù Sání, aránfìlà, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ gba irin lọ́dọ̀ wa. Ó rọra fi Hausa sọ fún mi pé ìbéèrè tòun náà nìyẹn. Nígbà tí òun ń rákòrò, òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ni wọ́n jọ ń kírun lórí ẹní kan náà. Láti ìgbà tí a ti gbé òun dúró, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé àga òun sí, òun nìkan. Bákan náà ni oúnjẹ: abọ́ wà nílẹ̀, àwọn ènìyàn yí i ká, òun wà lókè bí ẹni tó wá ṣọ́ wọn.

Àwọn tó kọ́kọ́ ro irú irin yìí lókè òkun, orí àga ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo nǹkan láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ilẹ̀ ni a ti ń jẹun níhìn-ín, ilẹ̀ ni a ti ń kírun, ilẹ̀ ni a ti ń kí àgbà. Ìyẹn ni iṣẹ́ ìwádìí tí ibùdó wa gbé dání láti ọjọ́ náà: orúnkún tí yóò mú ènìyàn dé ilẹ̀, tí yóò sì tún gbé e dìde. Títí di òní, olùdarí máa ń sọ fún àlejò pé ìyá oníbúrẹ́dì kan ló fi ìbéèrè kan fún wa ní iṣẹ́ ṣe. Wọn á pàtẹ́wọ́. Ìbéèrè náà ti wà lára mi láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ dá rìn. Òun ló fi í síbẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ.

Ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ yìn ín jù ni ọ̀rọ̀ ààrò. Ike tí a fi ń ṣe irin ẹsẹ̀, a ní láti yan án nínú iná títí yóò fi rọ̀ bí ìyẹ̀fun pípò, kí a tó fà á bo ẹsẹ̀ tí a fi símẹ́ńtì funfun mọ. Ààrò oníná tí a ní ní ibùdó jó lọ́jọ́ tí iná dé pẹ̀lú agbára. Òmíràn kò sí, iṣẹ́ dúró, àwọn ọmọ ń ga lọ. Mo lọ bá ìyá àgbà mi, mo bẹ̀bẹ̀ fún ààrò rẹ̀. Ó ní ká máa wá lẹ́yìn tí búrẹ́dì àárọ̀ bá ti jáde, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọ̀pá tó fi ń kó búrẹ́dì, òun yóò sì jókòó tì wá.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹsẹ̀ láti Arkilla lọ sí Runjin Sambo nínú kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kan, oníkẹ̀kẹ́ wo ẹ̀yìn, ó rí ìka ẹsẹ̀ funfun tó yọ lẹ́nu àpò, ó tẹ bíréèkì, ó bẹ́ sílẹ̀, ó ní "Innalillahi", òun kò gbé òkú. Làmídì gbé ẹsẹ̀ náà jáde, ó ń gbá a pẹ̀lú ọwọ́ kí ọkùnrin náà lè gbọ́ pé símẹ́ńtì ni. Oníkẹ̀kẹ́ jìnnà sí wa, ó ní símẹ́ńtì tó bá ti ní èékánná, kí a wá kẹ̀kẹ́ mìíràn fún un.

Kò pẹ́ tí òórùn ike wọ inú búrẹ́dì. Àwọn oníbàárà ń dá a padà. Bọ̀dá Sámù, tí ilé búrẹ́dì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, pe ìpàdé ẹbí, ó ní kí ìyá òun mú ọ̀kan nínú búrẹ́dì àti ike. Kò sí ẹni tó rò pé yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi mọ ààrò náà, bíríkì kan lórí òmíràn, nígbà tó dé Sókótó tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ó jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó ní kí Sámù máa yan búrẹ́dì nínú ààrò kékeré onígáàsì tó wà lẹ́yìn ilé, ààrò ńlá ti di ti àwọn ẹlẹ́sẹ̀. Sámù ń lọgun pé kí ni yóò sọ fún àwọn ènìyàn. Ó ní, "Búrẹ́dì tó bá ń rùn bí ẹsẹ̀, wọn kò ní rà á. Ẹsẹ̀ tó bá ń rùn bí búrẹ́dì, wọ́n á rà á."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Sámù náà rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà mi kò yan búrẹ́dì nínú ààrò náà mọ́ títí ó fi kú. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo dúpẹ́. Ó wo ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Ó lè fún mi ní ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ mọ, ṣùgbọ́n kò lè pe orúkọ kan.

Iṣẹ́ orúnkún náà pẹ́. Mo mú ìṣe ìyá àgbà mi wọ ibùdó: àkọ́ṣe ohunkóhun, a kì í fún aláìsàn, a ó fọ́ ọ níwájú ẹni tó ṣe é, a ó sì béèrè ẹni tó ṣe é fún. Làmídì kórìíra ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Orúnkún kan sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, ó kọ̀, kò dìde mọ́. Màláàmù Sání ló wà nínú rẹ̀, ní àárín yàrá gígùn, bí a ti ń fa ìkọ́ rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó wò wá títí, ó ní bí a bá ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni òun yóò máa gbé, kí a kúkú lọ gbé abẹ́rẹ́ àti fìlà òun wá. Níkẹyìn, Làmídì jó sípíríǹgì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, a so okùn mọ́ ìkọ́ tó dè é. Bí o bá fa okùn náà ní ìbàdí, orúnkún á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́. Bí o bá fẹ́ dìde, sípíríǹgì á tì ọ́ láti ìsàlẹ̀. Màláàmù Sání wọ̀ ọ́ lọ sí mọ́sáláṣí. Nígbà tó padà wá, mo béèrè bó ṣe rí. Kò dúpẹ́. Ó ní, "Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ pé ìgbọ̀nwọ́ mi ń gún òun."

N kò tíì gbọ́ ìròyìn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí náà jáde, orúkọ olùdarí ló síwájú, èmi wà lára "àwọn mìíràn". Kò pẹ́ sígbà náà tí mo fẹ̀yìn tì. Wọ́n fún mi ní aago ògiri. Mo gbé e kọ́, ó ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo wá kó ẹrù mi ní ibùdó, Làmídì pè mí sí yàrá irin. Ó ti ro ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ mi láìsọ fún mi. Ó ní, "Dókítà, gbogbo èèyàn ló ti kúnlẹ̀ tán, ó ku ẹ̀yin."

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bọ̀dá Sámù sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi, bóyá nítorí èyí tó gé dànù nínú ìwé. Ó ní nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òun bi ìyá òun léèrè ìdí tí kì í fi í dá mi lóhùn, ìyá náà sì sọ pé bí òun bá yọ̀ǹda ọmọ náà nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo ayé ni yóò máa yọ̀ǹda rẹ̀ títí yóò fi kú. Sámù ní ìfẹ́ nìyẹn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Sámù ló gbọ́ ọ, èmi ni mo dúró lẹ́nu ààrò.

Kó tó kú, mo wọ irin Làmídì lọ bá ìyá àgbà mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó wà lórí ẹní lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà ní àgbàlá. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríran mọ́, ìró ẹsẹ̀ ló fi ń dá ènìyàn mọ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ní Mojí ló ń bọ̀ yẹn. Bọ̀dá Sámù jáde sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fúláwà lọ́wọ́, ó rí ohun tí mo fẹ́ ṣe, ó dúró.

Mo fa okùn náà. Kọ́, kọ́, kọ́. Orúnkún mi méjèèjì kan ilẹ̀ àgbàlá tí mo ti rákòrò lórí rẹ̀ rí. Ojú mi wá wà lọ́gbọọgba pẹ̀lú ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ó ti kéré gan-an. Mo ní, "Ẹ káàsán, mà."

Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá mi lókè níbi tó ti máa ń bá mi. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé èjìká mi, ó dé apá, ó dé itan, ó dé irin. Ó fi ọwọ́ wá oríkèé rẹ̀, ó wá sípíríǹgì, ó wá ibi tí orúnkún ti kan ilẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé yóò béèrè ẹni tí mo ṣe é fún. Mo ti ní ìdáhùn sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Mo wà lórí ilẹ̀ níbi tó ní kí n ti wá gbà á, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo sì ń dúró.

Ó kú kí n tó tún padà débẹ̀, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín wa lẹ́yìn èyí tó sọ lọ́jọ́ náà. Ó gbé ọwọ́ kúrò lára irin, ó gbé e lé mi lórí, ó ní:

"Dìde, Àmọ̀kẹ́. Ta ló ní kí o kúnlẹ̀?"